Iná Tó Ń Tàn Fúnra Rẹ̀ Lójú Mọ́tò Bàbá Tíṣà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ohun tí mo gbé sínú yìí ti lé lógún ọdún, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rán mi níṣẹ́ kan tí n kò mọ bí n ó ṣe jẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mò ń ṣe ní Ìlọrà, ohun tí wọ́n ń pè ní rìwáyà. Ní nǹkan bí 1977, n kò tíì pẹ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Bàbá Tíṣà, àgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, ra mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì tó ń padà sílé. Délé ọmọ rẹ̀ ló ń wà á fún un.

Ilẹ̀ òtútù, níbi tí ojú ọjọ́ ti máa ń ṣú lọ́sàn-án, ni wọ́n ti ṣe mọ́tò náà. Bí ẹ bá ti ṣáná sí i, iná iwájú rẹ̀ á tàn fúnra rẹ̀, ọ̀sán gangan ni o. Lọ́dọ̀ tiwa nígbà yẹn, mọ́tò tó bá ń tan iná lọ́sàn-án, òkú ló gbé. Bí Délé bá ń kọjá, àwọn ọkùnrin á ṣí fìlà, àwọn obìnrin á káwọ́ lérí. Bàbá Tíṣà á yọrí lójú fèrèsé, á ní, "Kò sẹ́ni tó kú o, Awẹ́ ni mò ń lọ." A máa ń rẹ́rìn-ín.

Èmi mọ ibi tí iná náà ti ń wá. Nǹkan kékeré onígun mẹ́rin kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, rìléè là ń pè é. Bí ẹ bá ṣáná, iná díẹ̀ á wọ wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin inú rẹ̀, irin náà á di òòfà, á fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra. Ẹ á gbọ́ "kẹ́". Ibi tí àwọn irin yẹn ti kan ara wọn ni iná ńlá á gbà láti bátìrì lọ sójú mọ́tò. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan súìṣì.

Àkókò yẹn ni mò ń fẹ́ Bísí. Bàbá rẹ̀ ní píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó ọsàn láti Fìdítì, rìléè iná rẹ̀ sì jó. Ó ní, "Ọkọ Bísí, jẹ́ n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ." Bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fún mi ní Bísí. Ìbàdàn ni à bá ti rí òmíràn rà, ó sì fẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì. Mọ́tò Bàbá Tíṣà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi nítorí họ́ọ̀nù rẹ̀ tí kò dún mọ́.

Mo yọ rìléè rẹ̀, mo fi sínú píkọ́ọ̀pù bàbá Bísí. Mo so wáyà ibẹ̀ kí súìṣì lè máa tan iná bíi ti mọ́tò yòókù. Mo ní kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi iná ṣe lọ́sàn-án, mo gba Bàbá lọ́wọ́ àwọn tó ń kí i kú ọ̀fọ̀ ni. Nígbà tí Délé wá gbé mọ́tò, mo tẹ họ́ọ̀nù kó gbọ́. N kò sọ ti iná. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ kẹta, ọyẹ́ mú, kùrukùru bo títì láàárọ̀. Délé àti Bàbá ń lọ sí Fìdítì. Délé kò fọwọ́ kan súìṣì, torí kò fọwọ́ kàn án rí láti ọjọ́ tó ti ń wa mọ́tò náà. Lọ́rí kan ń ya kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kò rí wọn, ó kọlù wọ́n. Ẹsẹ̀ Bàbá dá.

Délé ní iná máa ń tàn fúnra rẹ̀. Bàbá ní oorun ló ń kùn ún. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá jókòó, igi ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Délé ń wò mí lójú. Mo tẹ súìṣì, iná kan tí kò fọ́ tàn. Mo ní, "Iná yín kò ní àléébù, Bàbá. Ẹni tó wà á ni kò tàn án."

Bàbá ní kí Délé má fojú kan òun mọ́. Ọdún yẹn kò tíì parí tó fi lọ sí Kàdúná, kò sì wálé mọ́ títí dòní.

Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọn ò ní fún mi ní Bísí. Mo ní n ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, mo ní tí a bá ti bímọ. Ọmọ mi àgbà ti gbéyàwó báyìí. Ojú ń tì mí láti kọ èyí.

Láti ìgbà tí Délé ti lọ, èmi ni mò ń bá Bàbá tún òrùlé ṣe, tí mò ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ó máa ń pè mí lọ́mọ. Kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bá mi wá Délé lọ. Sọ fún un pé mo ti dárí jì í, kó wá kí n rí i." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Èmi ni mo dúpẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ fi ìbànújẹ́ kú pé ọmọ tí kò ṣẹ̀ òun lòun lé. Bí n kò bá sì sọ ọ́, a jẹ́ pé n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Délé, n ó sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi jì í. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mọ́tò Kàdúná ń gbéra. Mo ti di ẹrù mi. Kí ni kí n sọ nígbà tó bá ṣílẹ̀kùn?