Ẹja Tí Ẹ Ní Kí Á Fi Sílẹ̀

Alága wa, Lọ́yà Reginald, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ afìwọ̀pẹja tí ẹ jókòó sí tábìlì gíga, mo kí yín. Akọ̀wé wa, Sìsì Theodora, mo kí yín tẹ̀yin ti bàtà gíga yẹn. Ẹ̀yin ìyàwó wọn tí ẹ kì í jẹ ẹja tó bá ṣì ní orí, ẹ kú ìjókòó. Jíbrílù atukọ̀, tí wọ́n fi sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá yá àkàbà, mo rí ọ o. Ẹ̀yin ará Lafiaji tí òórùn ọbẹ̀ pè wá, ẹ̀yin náà, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Sìsì Theodora ti bá mi kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére tó yẹ kí n sọ. Ìwé náà rèé. Ó funfun, ó sì mọ́. Àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n kà, ẹ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́. Màá fi ṣe abẹ̀bẹ̀, ẹnu mi ni màá fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ò mọ̀ mí, Ìyá Ọpẹ́olúwa ni wọ́n ń pè mí, ọmọ etí omi Ìjẹ̀bú. Ẹgbẹ́ yìí ní adágún kan lọ́nà Èpé. Ní Sátidé, àwọn lọ́yà Igbosere àti àwọn ọmọ ilé ńlá Ìsàlẹ̀ Èkó á gbé ọ̀pá ìwọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n á wọ fìlà tó gbòòrò ju agbòòrùn lọ. Olóògbé Bàbá Gregory tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ló bá mi níbi tí mo ti ń ha ìpẹ́ ẹja lẹ́bàá omi. Ó dúró, ó wò mí títí, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ. Mo ní ebi ni. Ó ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń la inú ẹja yín. Kò sí ẹni tó mọ inú lọ́yà, àmọ́ èmi mọ inú ẹja.

Nígbà ayé Bàbá Gregory, òfin ò pọ̀. Ohun tí o bá lè jẹ, gbé e. Ohun tí o kò lè jẹ, má fi ìwọ̀ ya á lẹ́nu. Epìyà kékeré, a dín in. Epìyà ńlá, a fi se ọbẹ̀. Àrọ̀ tó bá ti gùn tó apá, Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ó ní àrọ̀ ńlá ló ń bá wa jẹ ọmọ epìyà kí wọ́n má baà kún odò. Bàbá kú, a sin ín dáadáa, ọgbọ́n rẹ̀ sì bá a wọlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni alága wa yìí ti òkè òkun dé. Ó ní níbi tí òun ti ń bọ̀, ọ̀làjú ti dé bá ẹja. Wọ́n á fi ìwọ̀ mú un, wọ́n á wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á gbé e mọ́yà, wọ́n á ya fọ́tò, àwọn mìíràn á tiẹ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu, wọ́n á wá dá a padà sómi pé ó dàbọ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ náà: "Alága, tí ẹnì kan bá fi ìwọ̀ fà yín létè jáde kúrò nínú ilé yín, tó fẹnu kò yín lẹ́nu, tó sì tì yín wọlé padà, ṣé ẹ máa kí i pé ó ṣeun?" Ó ní kò lè yé mi. Títí dòní, kò yé mi.

Bí òfin tuntun ṣe dé nìyẹn. Ẹja kékeré, kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó lọ dàgbà. Ẹja ńlá, kí ẹ gbé e relé kí àwọn àna yín rí i. Sìsì Theodora ló kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù ní Yorùbá kí Jíbrílù lè kà á. Ẹ ṣàánú rẹ̀ o, wọ́n ti fi pàṣán lé Yorùbá jáde lẹ́nu rẹ̀ nílé ìwé. Ohun tó kọ ni: Ẹ FI ẸJA KÉKERÉ SÍLẸ̀.

Jíbrílù kà á, ó pè mí. Ó ní, "Ìyá, wọ́n ní kí á fi ẹja kékeré sílẹ̀."

Mo ní, "Ilẹ̀ wo?"

Ó nawọ́ sí yanrìn èbúté.

Ẹ̀yin ẹ kì í fẹ́ kí omi ẹja ta sáṣọ yín, ẹ ń ju gbogbo rẹ̀ sínú garawa Jíbrílù, ẹ ní kó ṣe é bí bọ́ọ̀dù ṣe wí. Jíbrílù sì ń ṣe é bí bọ́ọ̀dù ṣe wí. Ó ń tò wọ́n sórí yanrìn lẹ́sẹẹsẹ. Nínú gbogbo yín níbí, mi ò tíì rí ẹni tó ń pa òfin mọ́ tó Jíbrílù. Ó ń tukọ̀ yín nínú òjò, ó ń tú ìwọ̀ kúrò lára ṣòkòtò yín, kò sì tíì fi èyíkéyìí nínú yín rẹ́rìn-ín lójú yín. Ẹ̀yìn yín ló ti ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku èmi. Mo rí ẹja lórí yanrìn, àṣá ti ń yí lókè. Ṣé kí n máa wòran kí àṣá wá jẹ àánú yín ni? Mo kó o. Mo ha á, mo yan án. Ọdún méjì gbáko ni èmi, Jíbrílù àti gbogbo àgbàlá wa ní Lafiaji fi àánú yín jẹ ẹ̀bà.

Ẹ má tíì pariwo. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí adágún ní ọdún méjì yẹn? Ẹ rántí? Epìyà tóbi bí àwo. Ẹ̀ ń fà á, ọ̀pá ń tẹ̀. Alága wa kó àwọn oníròyìn dé èbúté, ó ní ẹ wo èrè àánú, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá tú ẹja kékeré sílẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ó wà lára ògiri lẹ́yìn yín yẹn, Alága; ẹ má wẹ̀yìn, a ti ń wò ó bọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ń pàtẹ́wọ́, egungun ẹja ọ̀hún ṣì há mi léyín.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Mo jẹ̀bi. Mi ò ní sunkún lé e lórí, torí ó dùn.

Nígbà tó yá, Sìsì Theodora sọ̀ kalẹ̀ láti inú mọ́tò rẹ̀, ó tẹ epìyà mẹ́ta mọ́lẹ̀ lórí yanrìn. Ó ké. Ó yí bọ́ọ̀dù padà: Ẹ DÁ A PADÀ SÍNÚ OMI. Èyí yé Jíbrílù. Láti ọdún mẹ́jọ, gbogbo kékeré ló ń padà sómi, gbogbo àrọ̀ ńlá ló ń lọ sọ́dọ̀ àna yín. Lónìí, epìyà tó tóbi jù nínú adágún yẹn kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ ní ọmọdé ni wọ́n, ẹ ní ẹ fún wọn láyè.

Jíbrílù, gbé abọ́ yẹn wá síwájú Alága. Mo la wọ́n láàárọ̀ yìí. Alága, ẹ fìka kàn án, kò ní gé yín jẹ. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ẹyin ni. Ẹja tí kò gùn ju ìka yín lọ, ẹyin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ọmọdé wo ló ń lóyún? Ìyàwó ilé nìwọ̀nyẹn, ìyá àgbà wà láàárín wọn. Láti ìgbà tí a ò jẹ wọ́n mọ́, wọ́n ti pọ̀ jù, oúnjẹ ò kárí, wọ́n gbó sí kékeré. Wọ́n sì ń bímọ lé ọmọ, nítorí àrọ̀ tí ì bá jẹ wọ́n, inú fọ́tò yín ló wà.

Ìgbìmọ̀ yín wá jókòó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní ẹja ti kéré, nítorí náà ẹ fẹ́ ra ẹgbàárùn-ún ọmọ epìyà dà sí i. Ilé tí ebi ti ń pa àwọn onílé, ẹ fẹ́ kó ẹgbàárùn-ún àlejò wọ̀ ọ́. Ẹ tún ní láti oṣù tó ń bọ̀, kékeré ni, ńlá ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹja lọ sílé mọ́. Ìdí tí ẹ fi ní kí n fẹ̀yìn tì nìyẹn: ẹja ò ní kú mọ́, kí lẹ fẹ́ fi ẹni tó ń la inú ẹja ṣe?

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Orúnkún mi ti bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi ṣáájú yín. Adágún ni mo ń sọ. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, àmọ́ omi yẹn ń bà mí lẹ́rù. Tí ẹ bá da ẹja yẹn sí i, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dá, ẹja á yí ikùn sókè láti èbúté dé òdìkejì. Ẹ máa padà sí Igbosere. Jíbrílù àti àwọn ará èbúté, níbo ni wọ́n máa padà sí?

Wọ́n ní lẹ́yìn oúnjẹ lẹ máa dìbò. Rárá, ẹ jẹ́ ká ṣe é nísinsìnyí, kí ẹran tó dí yín lẹ́nu. Epìyà kékeré, ẹ kó o, ẹ jẹ ẹ́, kí ará èbúté náà kó o. Àrọ̀ ńlá, ẹ dá a padà. Ẹ fẹnu kò ó lẹ́nu tó bá wù yín, ẹ ṣáà dá a padà. Ẹ má sì ra ọmọ ẹja kankan. Ẹni tó bá gbà, kó nawọ́.

Sìsì Theodora ló kọ́kọ́ nawọ́. Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Tábìlì ẹ̀yìn nawọ́. Ẹ̀yin ará Lafiaji, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, ẹ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ó ku tábìlì gíga, gbogbo wọn ń wojú Alága, Alága sì ń wo abọ́.

Alága bi mí pé kí la wá fẹ́ sọ nípa àmì ẹ̀yẹ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Alága, ó ń bo ibi tí ògiri ti ya.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́. Tábìlì gíga nawọ́ tẹ̀lé e, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n súre, kí n jókòó. Omi ò ní gbẹ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Egungun ẹja ò ní há yín lọ́fun níbi tí kò sí àgbà. Jíbrílù, ọkọ̀ rẹ ò ní dojú dé. Sìsì Theodora, Yorùbá á padà wálé. Alága, ẹ máa dàgbà, ẹ máa gbó, ẹ ò ní gbó sí kékeré.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ká dá ńlá sí, ká jẹ kékeré: ti ẹja ni mo sọ o. Ti èèyàn, mi ò kọ́ yín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe kí n tó dé.

Ẹ ṣé o.