Igi Kọfí Ẹ̀yìn Odò

Ní gáréèjì Òṣogbo, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láàrin obìnrin kan tó ń ta kọfí oníyìnyín àti bàbá àgbà kan tó ń dúró de mọ́tò Ìlobù.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Bàbá. Rédíò ní òní lọjọ́ kọfí. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mi, ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ jẹ èso kọfí láyé?"

"Wọ́n ní ewúrẹ́ ni. Ó jẹ ẹ́ tán, ijó ló kù."

"Háà! Ẹ gbà á! Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá mi. Ó gbin kọfí kan sóko wa, lẹ́yìn odò, lọ́nà Ìfọ́n. Látìgbà ìjà ilẹ̀ Ìlobù àti Ìfọ́n, mi ò débẹ̀ mọ́. Bóyá wọ́n ti gé e."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. "Ará Ìfọ́n ni mí, Bàbá. Ṣé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta pẹlẹbẹ yẹn?"

"Òun ni!"

"Wọn ò gé e. Ó tanná lọ́sẹ̀ tó kọjá, funfun báláú. Gbogbo ọ̀nà ń ta sánsán."

Bàbá di ife náà mú, ó pajú dé. "Tún un sọ."

"Funfun báláú, Bàbá. Gbogbo ọ̀nà ń ta sánsán."

Awakọ̀ Ìlobù ń pè é, mọ́tò ti kún.

Kò lajú. "Ẹ máa lọ," ló wí. "Oko ni mo wà."