Iná Ẹ̀yìn Tí Mo Kùn Ní Dúdú

Àǹtí Hilda, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lóhùn. Bọ̀dá Ọláṣẹ́gun, ẹ̀yin náà, ẹ bá mi gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Mo pè yín sí pálọ̀ Màmá lónìí torí ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé mọ́. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, tí ẹ ní kí n jáde nílé yìí, màá jáde. Látìgbà tí Màmá ti kú ni gbogbo wa ti ń ṣépè fún awakọ̀ búrẹ́dì tó kọlù wá láti ẹ̀yìn. Èmi gan-an ni àmín mi máa ń le jù. Ṣàfíù, awakọ̀ yẹn, kọ́ ló jẹ̀bi. Àbí kí n ní òun nìkan kọ́ ló jẹ̀bi? Ẹ wò ó, mi ò mọ̀. Orí mi ti dàrú pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ bá mi wò ó.

Ẹ rántí Corolla tòkunbọ̀ tí mo rà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ wa ní Yaba ní irú ẹ̀, ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn tiẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Tó bá ti wọlé, gbogbo èèyàn á yíjú. Ojúkòkòrò wọ̀ mí. Mo wo fídíò lórí fóònù, mo ní kí ni mo fẹ́ gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni ṣe sí, ṣebí ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí Màmá lọ sípàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tú iná ẹ̀yìn méjèèjì, mo kó wọn sínú ófùn tí Màmá fi ń ṣe kéèkì, kí ooru lè rọ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n láti ilé iṣẹ́. Mo ya wọ́n, mo fín ọ̀dà dúdú alágolo sínú wọn, mo sì lẹ̀ wọ́n padà. Ẹni tó wà nínú fídíò fín tiẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Èmi ò mọ ibi tó yẹ kí n dúró, mo fín in títí ọwọ́ fi ń ro mí. Bí Màmá ṣe wọlé ló ń fín imú: “Bọ́lájí, kí lo sè sínú ófùn mi? Ṣé táyà lo yan jẹ ni?” Ó jáde lọ wo ọkọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Háà! Ọkọ̀ yìí ti wọ gíláàsì òòrùn! Ṣé àwọn tó wà lẹ́yìn á ṣì máa rí i báyìí?” Mo ní, “Màmá, ẹ fọkàn yín balẹ̀.” Mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Mo kúkú dán an wò. Husnah, ìyàwó alábàágbé wa, ni mo ní kó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ lójú ọ̀nà, kó máa wò ó bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì. Ó ní, “Bọ̀dá Bọ́lájí, ó ń tàn o, àmọ́ bí ẹyín iná inú eérú ló rí. Ẹni tó bá jìnnà ò lè rí i.” Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa mọ́tò. Ó ní, “Ó dáa, mo ti sọ tèmi,” ó wọlé lọ. Olórí kunkun ni mí, ẹ̀yin náà mọ̀, ilé yìí la jọ dàgbà sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tá à ń wí yìí, Màmá ní kí n gbé òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìdí-Àràbà. Òjò ń rọ̀ winniwinni, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Iwájú ló fẹ́ jókòó. Èmi ni mo ní rárá o, ìyá ọlọ́kọ̀ kì í jókòó síwájú bíi kọndọ́kítọ̀, kó bọ́ sẹ́yìn lápá ọ̀tún, níbi tí àwọn ọ̀gá ń jókòó sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gèlè ẹ̀ ṣe, ó sì bọ́ síbẹ̀. Kí ló dé tí mi ò fi í sílẹ̀ níwájú? Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi. Ká máa lọ báyìí, ajá kan já sójú títì, mo tẹ bíréèkì lójijì. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni gbàù! Ọkọ̀ búrẹ́dì ti rún apá ibi tí Màmá wà. Ṣé ó ń sáré? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé òjò ni? Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé awakọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń ké, “Mi ò rí iná! Mo fi Ọlọ́hun búra, mi ò rí iná kankan lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn!” Òun ló gbé Màmá jáde. Òun ló tẹ́ ẹ sáàárín búrẹ́dì nínú ọkọ̀ ẹ̀ tó gbé wa débi ọsibítù.

Iná apá ọ̀tún ti fọ́ yángá sójú títì. Tòsì nìkan ló kù, dúdú báyìí. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ wálé, tí mo sì gbọ́ pé àwọn èèyàn Ṣàfíù ń bọ̀ wá bẹ̀ wá láti Mushin, ẹ̀rù bà mí. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọmọ ẹ̀ sì wà ní ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Ládípọ̀, ó ń wá iná ẹ̀yìn tí kò ní ọ̀dà lára. Mo rí i rà, mo dè é, mo ju ti dúdú sínú gọ́tà. Husnah rí mi. Ó ní, “Iná dúdú yẹn ńkọ́?” Mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá fẹ́ràn Màmá, kó má dá sí i. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí wọ́n fi kó kúrò.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Àwọn bàbá àdúgbò wọn wá, Jameelah ìyàwó Ṣàfíù wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣàfíù ní, “Ẹ dákun, mi ò kọ ẹ̀bi, èmi ni mo gbá yín. Àmọ́ mi ò rí iná.” Mo fò dìde. Mo fa òun, ọkùnrin tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń funfun, lápá aṣọ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo wọlé, mo tẹ bíréèkì. Iná apá òsì pọ́n rederede. Mo ní, “Ṣé o rí i báyìí?” Ó ní, “Mo rí i, sà.” Mo ní, “Kí ló wá dé tí o ò rí i lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ojú ẹ ń fọ́ ni?” Ó fọwọ́ nu ojú ẹ̀, ó tún iná yẹn wò, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi nínú ẹrẹ̀. Àǹtí Hilda, ẹ pariwo lé e lórí. Mi ò dá yín lẹ́bi, ohun tí mo fi hàn yín lẹ rí. Lẹ́yìn tá a sin Màmá, ẹ̀yin lẹ tún pe ọ̀gá Ṣàfíù pé kó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n sì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Nǹkan bí oṣù mélòó kan sígbà yẹn, Ṣàfíù tún wá bẹ̀ mí níbi iṣẹ́, òun nìkan. Ó ní òun ti gbà fún mi, ojú òun ló pa Màmá, òun fẹ́ tọ́jú ẹ̀ kó má bàa pa ẹlòmíràn. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n la ẹnu. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń kiri oògùn ní ọjà Òjúwòyè, mo ra oògùn ojú fún un. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe! Ojú òsì ló kọ́kọ́ ń kán an sí, ó ní ó ń ta òun bí ata. Mo ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tó bá tán, mo tún ra òmíràn. Ṣe ni ó máa ń gbàdúrà fún mi: “Ọlọ́hun á san yín lẹ́san, ẹ ò bá mi yodì.” Oògùn yẹn jẹ ojú òsì ẹ̀. Ojú náà ti funfun báyìí, kò lè ríran mọ́. Dókítà ní kò sóhun tó ṣe ojú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn ló bà á jẹ́, kó má ṣe kán an sí ọ̀tún rárá. Ṣàfíù ò gbà. Ó ní dókítà ò mọ̀, dókítà ò sí níbẹ̀ nígbà tí òun ò rí iná tí gbogbo ayé rí.

Láàárọ̀ òní ni Jameelah pè mí, tó ń sunkún. “Bọ̀dá Bọ́lájí, ẹ gbà mí! Ó tún ti ń kán an sí ojú kan tó kù. Tiyín nìkan ló ń gbọ́.” Tiyín nìkan ló ń gbọ́! Mi ò mọ bí mo ṣe dé Mushin. Mo bá a lórí àga, ó gbé orí sókè, ìgò oògùn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo já a gbà, mo fọ́ ọ mọ́lẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ṣe ojú yín. Iná mi ni kò tàn. Èmi ni mo kùn ún, èmi náà ni mo pààrọ̀ ẹ̀.”

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbájú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rín! Ó ń pe ìyàwó ẹ̀: “Jameelah! Mo ríran! Mo ríran lọ́jọ́ yẹn!” Inú ẹ̀ dùn débi pé èmi náà fẹ́ máa rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ìgbà tó yá, ó fọwọ́ kan ojú òsì ẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán. Ó ní, “Dìde nílẹ̀. Bọ́ sí apá ọ̀tún mi, níbi tí mo ti lè rí ọ, kí o tún un sọ.” Mo bọ́ síbẹ̀, mo tún un sọ. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Èmi alára ni mo fọwọ́ ara mi kán an.”

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Mo ní tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ni, kó pè wọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ṣì ń bọ̀, òun ò tíì ro ibẹ̀ dé. Ohun tí òun fẹ́ báyìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ẹ̀yin lẹ wo òun bí ẹni tó pa ìyá yín, ìwò yẹn ni òun ń bá sùn, ìwò yẹn náà ni òun ń bá jí. Àǹtí mi, Bọ̀dá mi, ẹ lè má dárí jì mí, mi ò tíì bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Ẹ ṣáà wọ bàtà yín ká jọ lọ. Kò ní kí ẹ wá dọ̀bálẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí ẹ dúró ní apá ọ̀tún òun, kí ẹ sọ fún òun pé òun ríran.