Èjìká Tó Fi Há Fóònù

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gbé e.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú—

ARÁNṢỌ: Iṣẹ́ wo? Ṣé iṣẹ́ ni kí àgbà máa sùn gbalaja sórí ẹní níwájú àlejò? Màmá ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Wọ́n wà. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé yógà tí dókítà ní kẹ́ ẹ lọ ṣe fún èjìká yín ti parí ni? Aago mẹ́rin ni wọ́n—

ARÁNṢỌ: Mo ti jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ni mo wà, mo ń de okùn bàtà. Mo ń bọ̀ nílé.

ÀBÚRÒ: Háà! Ìdajì wákàtí péré?

ARÁNṢỌ: Ó ti pọ̀ jù. Ọmọ kan tí mo lè bí, ó wá dúró lé mi lórí, ó ní, "Mà, ẹ mí." Ẹ mí! Ta ló ti ń bá mi mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi?

ÀBÚRÒ: [ó ń rẹ́rìn-ín] Ẹ̀gbọ́n—

ARÁNṢỌ: "Just relax." Wọ́n tan àbẹ́là lọ́sàn-án, bíi pé iná ti lọ. Ó ní kí n tú eyín ká, kí n jẹ́ kí ahọ́n mi sùn. Ahọ́n mi! Ìgbà wo ló sùn rí?

ÀBÚRÒ: Gbogbo ìdílé ló mọ̀ pé kì í sùn.

ARÁNṢỌ: Kí lo wí? Network ibí yìí—ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ní mò ń gbọ́. Èjìká yín ńkọ́?

ARÁNṢỌ: Ọkùnrin kan tiẹ̀ ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Olórí kíláàsì!

ÀBÚRÒ: Èjìká, Ẹ̀gbọ́n. Èjìká.

ARÁNṢỌ: Ó wà níbi tó wà. Ọmọ yẹn fọwọ́ kàn án, ó ní, "Mà, kí lẹ gbé?" Mo ní mi ò gbé nǹkan kan. Ó ní èjìká mi ti fẹ́ wọ inú etí mi. Ó ní ṣé fóònù ni mo máa ń há síbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ayé! Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣé kí n wá fi ẹsẹ̀ gbé fóònù oníbàárà ni?

ÀBÚRÒ: Ohun tí dókítà náà sọ nìyẹn. Ẹ dúró. Okùn bàtà lẹ ń dè, àbí? Kí lẹ fi mú fóònù báyìí?

ARÁNṢỌ: Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n! Ẹ tún ti fi há a!

ARÁNṢỌ: Ṣé kí n fi imú—

ÀBÚRÒ: Ìka yín méjì ti kú! Abẹ́rẹ́ ń gún un, ẹ ò mọ̀. Dókítà ní tí èjìká yẹn ò bá rọ̀ lóṣù yìí, ẹ ò ní lè mú sísọ́ọ̀sì mọ́.

ARÁNṢỌ: Ìwọ ni wàá sọ fún mi? Lọ́jọ́ Ajé, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gba àárín aṣọ ìyàwó kọjá. Aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé o gbọ́ mi? Ẹ̀rù bà mí.

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Nítorí náà, ẹ padà wọlé lọ—

ÌYÁ: [láti ẹ̀yìn] Gbé mi sórí àga. Ìdí ń dùn mí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi yín sí speaker. Ẹ jẹ́ kí n gbé Màmá.

ARÁNṢỌ: Má gbé wọn! Èmi ni mo máa ń gbé wọn, dúró dè mí! Ìwọ tó jẹ́ pé bírò ló wúwo jù nínú ohun tó o gbé rí!

ÀBÚRÒ: Mo ti gbé wọn. Háà—wọ́n le! Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gan! Wọn ò jókòó, wọn ò dìde!

ÌYÁ: Sọ fún un kó má pa mí o!

ÀBÚRÒ: Wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Màá jù wọ́n sílẹ̀—

ARÁNṢỌ: O ò ní ju ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Má fà wọ́n. Bó o ṣe ń le ni wọ́n ṣe ń le. Tú eyín ká.

ÀBÚRÒ: Kí ni?

ARÁNṢỌ: Eyín! O ti dì í, mo mọ̀ ọ́. Tú u. Ó yá, mí wọlé. Díẹ̀díẹ̀. Màmá, ẹ̀yin náà, ẹ mí.

ÌYÁ: Ta ló ní mi ò mí?

ARÁNṢỌ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà mí. Mí síta báyìí. Jẹ́ kí èjìká rẹ wálẹ̀. Má tì í, òun fúnra rẹ̀ ló máa wálẹ̀.

[Ìmí gígùn.]

ÀBÚRÒ: Orúnkún wọn ti ń rọ̀.

ARÁNṢỌ: Lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi náà ń bá yín mí. Wọlé... síta... jẹ́ kó wálẹ̀... jẹ́ kó—

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti jókòó! Ẹ̀gbọ́n, Màmá ti jókòó!

[Gbàà! Nǹkan já lulẹ̀ lọ́dọ̀ Aránṣọ.]

ÀBÚRÒ: Kí ló já? Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ARÁNṢỌ: [láti òkèèrè] Fóònù ni. Mi ò... èjìká mi ló jù ú sílẹ̀. Ó wálẹ̀. Àbúrò, ó wálẹ̀—

ÌYÁ: Sọ fún un kó padà lọ sùn!

ÀBÚRÒ: Ẹ má gbé e! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gbé fóònù yẹn! Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]