Agogo Tí Bàbá Mú Ti Ogun Bọ̀

Nínú mọ́tò tó ń ti Ìrókò lọ sí Òjóò, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àgbàlagbà kan àti àbúrò wọn obìnrin jókòó tì mí, àwọn méjèèjì wọ sùtánà funfun.

Àbúrò ló bẹ̀rẹ̀. "Bùọ̀dá mi, ẹ má lu agogo yẹn lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́."

"Agogo tí Bàbá wa mú ti ogun Bìáfírà bọ̀? Òun la fi ń rántí àwọn sójà tó kú lọ́dọọdún! Kí ni kí n wá sọ fún ìjọ?"

"Ayálégbé mi, ọmọ Ígbò tó ń bá wa jọ́sìn, ti ka ohun tí wọ́n kọ sétí agogo náà. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan nílẹ̀ wọn ni."

"Bàbá ní àwọn rà á ni."

"Bùọ̀dá, ta ló ń ta agogo lójú ogun?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ó bínú?"

"Ì bá tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn. Ó kàn rọra bi mí pé, 'Kí ni wọ́n wá ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún látọjọ́ yìí?'"

Ẹsẹ̀ wọn tí kò wọ bàtà ni Ẹ̀gbọ́n ń wò títí a fi dé Òjóò, èmi tí ọ̀rọ̀ ò kàn náà ò lè gbójú sókè.