Lẹ́tà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Pamọ́ Fún Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ahọ́n mi tó wúwo. Èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù, tí ẹ ní kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, tí mo ti bú dókítà lójú ara rẹ̀, tí mo ti lé ọlọ́pàá jáde ní ṣọ́ọ̀bù torí pé ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ aṣọ funfun oníbàárà mi, mo bẹ̀rù. Ogójì ọdún gbáko ni mo fi bẹ̀rù páálí bàtà kan tó wà lábẹ́ ibùsùn mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi lọ fún ìlọ́po méjì, òótọ́ ò bá a, èmi fúnra mi ni mo dúró dè é, torí nǹkan tó wú sí mi níkùn yìí ò ní jẹ́ kí n sáré mọ́. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó ku ẹ̀yin. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi kó dùn yín dénú. Ẹ má fi ti àìsàn ṣe.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀. Òun ń fọ̀, èmi ń lọ̀. Òun lọ sílé ìwé, èmi ò lọ, torí pé àtikékeré ni mo ti ya olórí kunkun. Òun ló kọ́ mi níwèé, kì í sì í ṣe inú ìwé ló ti kọ́ mi. Orúkọ àwọn oníbàárà tí a ń fi òwú pupa rán sí ọrùn ẹ̀wù ni ABD mi. Bí mo bá ti na ẹ̀wù sórí tábìlì, á ní, "Ta ló ni ín? Kà á kí o tó lọ̀ ọ́." Bí mo bá kà á sódì, á fi ọwọ́ tútù tí ọṣẹ ti họ ta mí ní etí, àwa méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó la ojú mi sí ìwé ni mo fi ìwé pa lẹ́kún.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, Oníbéèrè là ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í bi èèyàn. Kí ló dé tí omi ò ní àwọ̀? Ta ló kọ́kọ́ wọ aṣọ? Èmi ò bí rárá. Ọkọ mi ti fi ìyẹn ṣe ìdí, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà ń lọ sí ọdún méje nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ mú ìyá rẹ̀, wọ́n sì ní kó wá sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn àyà tó wà lẹ́yìn òkè, níbi tí ọmọdé ò gbọdọ̀ dé. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fọwọ́ kan ọmọ, ó ní, "Àbúrò mi, màá máa kọ̀wé. Lójú ẹ̀ ni kí o ti máa kà á fún un, kó máa rí ọwọ́ mi." Nọ́ọ̀sì tó wá mú un sì kìlọ̀ fún mi pé gbogbo ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, kí n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí àrùn inú ẹ̀ lè kú. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún, alọ̀ṣọ ni. Ta ni ì bá tún mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ?

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì kan. Mo lọ̀ ọ́, mo sì kà á lórí ìdúró. Ó kọ ọ́ pé, "Oníbéèrè mi, eyín wo ló tún ti yọ? Fèrèsé mi kọjú sí títì, mo máa ń wo àwọn ọmọ tó ń kọjá, ọ̀kan wà tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bíi tìẹ, mo ti fún un ní orúkọ ẹ. Jẹun kánú. Má sì gbàgbé o, èmi ni ìyá ẹ. Àǹtí ẹ ń bá mi tọ́jú ẹ ni." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ náà ṣi mí pè, tó ní "Màmá, ẹ bá mi de bàtà mi," tí mo sì sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún ayọ̀. Mo ká lẹ́tà náà, mo tì í sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ̀ṣọ. Mo ní tó bá dọ̀la, màá kà á fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ìkà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í fọhùn ńlá. Á kàn ní ó dọ̀la.

Lẹ́tà ń wọlé, oṣù kan, ẹyọ kan, oṣù mìíràn, méjì. Apínlẹ́tà tiẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá Áyọ́ọ̀nù, lẹ́tà yìí pọ̀ o. Èwo nínú àwọn bàbá àdúgbò lẹ ń fẹ́?" Mo ní, "Bàbá tìẹ ni. Sọ fún un kó má kọ èyí tó pọ̀ jù, ojú ń dùn mí." Ó rẹ́rìn-ín lọ. Oníbéèrè á ti máa wò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Àǹtí, ó mú tèmi dání?" Màá ní ìwé àwọn oníbàárà ni. Lọ́jọ́ kan, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, ó jókòó sórí ìdì aṣọ ìdọ̀tí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ìyá mi ò mọ ìwé kọ ni?" Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n kọ. Òun ló kọ́ èmi." Ó ní, "Kí ló dé tí ò kọ sí mi?" Ǹ bá pa irọ́ tó rọ̀. Ǹ bá ní ọwọ́ ń dùn ún. Èmi tí ẹnu mi mú ju abẹ lọ, mo ní, "Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn ló ń kọ̀wé sí i." Ó wò mí. Kò sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ nìkan, ti ohunkóhun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló sọ Àǹtí di Màmá, tí kò sì ṣì í pè mọ́. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: inú mi dùn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tó di ọdún kẹta, lẹ́tà ọgbọ̀n dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara òun ti ń yá, dókítà ti ní tí oṣù méjì bá kọjá kó máa múra ilé, pé òun ń bọ̀ wá mú ọmọ òun. Áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀wù mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, mo pe ọmọ wá sídìí tábìlì. A máa ń ṣe àpèkọ lọ́jọ́ Sátidé, màá máa pe ọ̀rọ̀, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe fún èmi. Mo ní, "Lónìí, lẹ́tà la máa fi ṣe àpèkọ, torí o ti dàgbà." Mo pè é: "Ìyá mi, mo ti ní ìyá mìíràn. Ara mi ti mọlé níbí. Má kọ̀wé sí mi mọ́. Má wá." Ó gbé pẹ́ńsùlù sókè. "Màmá, ta la kọ ọ́ sí?" Mo ní, "A ò kọ ọ́ sí ẹnì kankan. Àpèkọ ni." Ó ní, "Ṣé kí n kọ orúkọ mi sábẹ́ ẹ̀?" Mo ní, "Lẹ́tà kì í wà láìlórúkọ." Ó kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gún, ìlà rẹ̀ tọ́. Mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀bẹ gé ojú ìwé náà kúrò nínú ìwé rẹ̀, mo kì í bọ àpò lẹ́tà, mo lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, mo sì fi í ránṣẹ́ sẹ́yìn òkè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá tó bí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá, kò sí lẹ́tà. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló dé, ìdì kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ara tó ń yá náà ti padà sí ti àtẹ̀yìnwá, ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín sí itẹ́ òkú ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní, "Àbí ẹ̀yin ni ìyá tó ń tọ́ ọmọ tó kọ̀wé yẹn? Gbogbo wọ́ọ̀dù ló mọ lẹ́tà ọmọ náà. Á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, orúkọ ìsàlẹ̀ nìkan ló máa ń fi hàn wá, á ní ẹ wo bí ọmọ mi ṣe ń kọ orúkọ ẹ̀." Nínú ìdì náà ni mo ti rí ìwé àpèkọ yẹn, etí rẹ̀ ti rọ̀ bí aṣọ ògbólógbòó, àti lẹ́tà kan tí wọ́n kọ sí èmi. Ó ní: "Àbúrò mi, ọwọ́ ọmọ mi ni mo rí, ẹnu ẹ ni mo gbọ́. Mo ti mọ ẹnu yẹn látìgbà tó ti ń fi eyín wàrà gé mi jẹ. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bínú. Ó ti tán. O ṣeun tí o kọ́ ọ níwèé, ọwọ́ ẹ̀ dára. Àyà mi ló ń pa mí, ìwé yẹn kọ́, má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo dárí jì ẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́: fún un ní àwọn lẹ́tà mi. Lónìí."

Ẹ ò rí i? Ó ti dárí jì mí kí n tó tọrọ. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ padà, ó sì dá ọjọ́ sí i. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí bàtà, lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú ti àpèkọ. Ọmọ náà ṣì kéré, mo wí bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe ìdánwò. Ó ń ṣe ìgbéyàwó. Ó lóyún. Ó ń tọ́mọ. Kò sí àkókò tí irọ́ ò ní àwáwí tó bá a mu. Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan ni ìyá rẹ̀ bá lọ láti ilé ìwòsàn, pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà ló kú sí. Ẹ wá wo ẹni tó dárí jì mí, mo tún sọ ọ́ di alágbèrè nínú sàréè.

Ohun tó ṣí mi nídìí kì í ṣe àìsàn. Oníbéèrè ti di olùkọ́, irun rẹ̀ ti ń funfun, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà ní ìlú òkèèrè tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ yẹn kọ̀wé sí mi níjelòó. "Ìyá àgbà, mo ti kọ lẹ́tà mẹ́rin sí màmá mi, kò fèsì ọ̀kan. Tí mo bá pè é lórí fóònù, 'Mo ti gbọ́' nìkan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé màmá mi fẹ́ràn mi?" Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá wò mí, mo bi í léèrè. Ó ń ká aṣọ mi lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Lẹ́tà kẹ̀, Màmá? Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn ló ń kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo máa ń jókòó tì í, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ta ló kọ sí èmi rí?" Mo ní, "Tẹ̀ ba. Wo abẹ́ ibùsùn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí mo dé orí ti àpèkọ, ó ti rí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi nìyí." Mo ní, "Ọwọ́ ẹ ni. Ẹnu mi ni." Ó fi ìka tọ orúkọ tó wà nísàlẹ̀. Ó wá ní, "Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá." Ó rántí. Mo fi lẹ́tà tó kẹ́yìn lé e lọ́wọ́, mo ní kó rí i pé ìyá rẹ̀ mọ̀, pé kò fìgbà kan gbà pé ọmọ òun ló wí bẹ́ẹ̀. Kò kà á. Ó gbé páálí náà mọ́ra, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní ó gbá a ni, ara ì bá tù mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́. Ẹ kọ̀wé sí àwọn èèyàn yín. Ẹ má wò ó pé ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Eyín tó yọ ti tó kọ, ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ ní títì náà ti tó kọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti tú ká, ẹni tó gbọ́ irọ́ mi ti gbọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n ìwé tí obìnrin yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ dúró dè mí lábẹ́ ibùsùn fún ogójì ọdún, kò gbàgbé ìlà kan. Ẹ sì fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, kódà kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ ìyá yín.

Ọjọ́ kẹtàlá rè é tó ti lọ. Ilé rẹ̀ ò ju òpópónà mẹ́ta sí tèmi, kò wá, kò sì pè. Láàárọ̀ yìí ni apínlẹ́tà mú àpò lẹ́tà kan wá, sítáǹpù ń bẹ lára rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ náà kí n tó mọ ohun tó kọ. "Màmá. Ẹyọ kan ni mò ń kà lójúmọ́, bó ṣe kọ wọ́n tẹ̀ léra. Mo ti ka méjìlá. Mo ti kọ sí ọmọ mi, ojú ìwé mẹ́rin, mo bi í ní ìbéèrè títí ó fi rẹ̀ mí. Mi ò tíì dárí jì yín. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè ṣe é. Ó ku mọ́kàndínlógún. Tí mo bá kà á tán, màá wá sọ ohun tí mo bá rí nínú wọn fún yín lójú kojú. Ẹ má tíì kú." Dókítà ní ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún mi. Mo ní kó padà lọ tún un ṣírò. Ẹ̀yin tí mo ti ṣẹ̀ àti ẹ̀yin tí mi ò tíì ṣẹ̀, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó fi ọjọ́ márùn-ún kún un.