Ẹni Tí Mo Bulọ́ọ̀kù Ló Gbé Ọmọ Mi Sọdá Òkun

Hallelúyà! Mo ní kí ẹ bá mi ké hallelúyà méje! Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá ọ̀tún, méjì péré ni mo gbọ́ lẹ́nu yín. Ṣé ẹ̀ ń ṣahun ni? Bó bá jẹ́ òfófó ni, ohùn yín ì bá ti dé àdúgbò Upney lọ́hùn-ún. Ẹ tún un ké! Ẹ̀hẹ́n. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tiyín náà.

Èmi ni Ìyá Tèmi. Kíṣìnì ilé-ìwé kan ní Goresbrook, ní Dagenham níbí nílùú òyìnbó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnu mi ò dáa, mo mọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí lè bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn. Inú ti bí èmi náà rí, inú bíbí yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi.

Tèmi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ló dìde lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kóun máa rìn kiri lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà. A ò ní ẹbí níbẹ̀. A ò ní ìjọ níbẹ̀. Mo ní, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe?" Ó ní, "Mummy, mo kàn fẹ́ mọ àwọn èèyàn ni." Mo ní, "Àwọn èèyàn inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Barking ò tó ọ mọ̀?" Ó ń di báàgì rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló máa fi rìn lórí ilẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan tó kù, ó máa lò ó ní erékùṣù kékeré kan láàárín òkun.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ẹ má bò mí láṣìírí, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ tú u. Obìnrin kẹ́mísìtì ti fún Tèmi ní oògùn tí ò ní jẹ́ kí ibà mú un. Ó ní, "Lójoojúmọ́ o, má fo ọjọ́ kan." Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, mo yọ páálí oògùn yẹn kúrò nínú báàgì rẹ̀, mo jù ú sínú dúróọ̀ tí mo máa ń kó ọ̀rá jọ sí. Mo ní ibà wo ló fẹ́ mú ọmọ Ìjẹ̀bú? Èmi tí ẹ̀fọn jẹ dàgbà! Mo gbàgbé pé Dagenham ni mo bí Tèmi sí. Àgúnmu tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú ni mo dà sínú ike fítámì kan, mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo tún ti ìgò òróró àdúrà kékeré kan bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n lẹ orúkọ ìjọ wa àti nọ́ńbà fóònù mọ́ lára.

Nígbà tó débẹ̀, ó pè mí. "Mummy, oògùn mi dà?" Mo ní, "Èyí tó wà nínú ike ni oògùn ibà tìẹ. Máa mu ún láràárọ̀." Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ó ń mu ún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù náà. Lọ́jọ́ tó débẹ̀ gan-an, fóònù rẹ̀ já sínú òkun. Nọ́ńbà àjèjì kan ló fi pè mí, lórí fídíò. Mo wò ó báyìí, ọmọbìnrin òyìnbó kan ló jókòó tì í, òrùka nímú, àwòrán ejò lápá. "Hẹ́lò, Mama Tèmi! Rósì lorúkọ mi!" Mo ní, "Èmi kì í ṣe màmá rẹ. Gbé fóònù fún ọmọ mi." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ti bá obìnrin kan ṣọ̀rẹ́, Zaína, ìyàwó apẹja, òun ló ń dirun fún Tèmi nínú fọ́tò. Mo ní, "Ta ló mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ìyẹn?" Lọ́jọ́ kẹta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń jẹ ẹja yíyan nínú abọ́ kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ sì gbọ́ o, Rósì ló wọ sùtánà Tèmi! Aṣọ ìsìn wa funfun! Aṣọ tí mo fọ̀ lọ́tọ̀, tí mo lọ̀ lọ́tọ̀, òun ló wọ̀ tó fi ń jẹ ẹja!

Mo gbé fọ́tò náà lọ bá Màmá Aríran. Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ìyá Tèmi, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i. Ọ̀tá rẹ wọ aṣọ funfun." Màmá, ẹ dákun, ta ni ò wọ aṣọ funfun nínú ìjọ yìí? Ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́jọ́ náà, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Rósì: "Ìwọ ọmọ burúkú yìí, bọ́ aṣọ Ọlọ́run sílẹ̀, kí o fi ọmọ mi sílẹ̀." Mo sì bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà rẹ̀, èyí tí Tèmi fi ń pè mí.

Ọjọ́ kẹrin, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ karùn-ún, n ò gbọ́. Mo ní ó ń bínú ni kò ṣe fi fóònù ẹlòmíràn pè mí, kó máa bínú lọ, ta ló bí ta? Mo lọ ra iṣu ní ọjà East Street, arábìnrin kan nínú ìjọ yìí pàdé mi. Ó ní, "Ọmọ yín tó lọ bá àwọn ọkùnrin létí òkun, ṣé ó ti dé?" Mo ní, "Tìẹ tó wà nílé, ṣé ó ti jáde nínú yàrá?" Mo kọjá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ iṣu ọ̀hún.

Ọjọ́ kẹfà, lọ́wọ́ ọ̀sán, mo ń bu ẹ̀wà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n ní ẹnì kan ń bèèrè mi lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Bùrọ̀dá Akọ̀wé ìjọ wa ni, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Ìyá Tèmi, ẹ gba fóònù yìí. Ọmọbìnrin kan ló pe nọ́ńbà ìjọ. Ó ní ara ìgò òróró lòun ti rí i. Ó ní ọjọ́ méjì rèé tóun ti ń pè yín, kò wọlé."

Yéè! Mo já fóònù gbà, mo gbé e sétí. Ohùn Rósì ni mo gbọ́, ó ń sunkún. "Mama Tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù. Ẹ máa bú mi tó bá yá. Tèmi ò dá èèyàn mọ̀ mọ́."

Ara ọmọ mi ti ń gbóná láti ọjọ́ kẹrin. Nọ́ọ̀sì erékùṣù náà bi í pé, "Ṣé ò ń lo oògùn ibà?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, láràárọ̀." Ohun tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ti tán lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe ibà, ó fún un ní oògùn ara ríro. Nígbà tí Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ, Rósì fi sùtánà wé e, ọkọ Zaína gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Wákàtí mẹ́ta lójú òkun, orí ọmọ mi wà lórí itan Rósì. Wọ́n gbé e dé ọsibítù tó wà lórí ilẹ̀. Dókítà mú ike fítámì yẹn dání, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Tèmi ò sì lè sọ̀rọ̀.

Dókítà gba fóònù. "Madam, kí ni ọmọ yín ń mu?"

"Àgúnmu ni, sà. Ewé àti egbò igi."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó ń lo oògùn ibà lójoojúmọ́. Ṣé ó lò ó àbí kò lò ó?"

Ará, ojú tì mí. Ọ̀gá mi ní kíṣìnì ń wò mí, Bùrọ̀dá Akọ̀wé ń wò mí. Mo fẹ́ purọ́. Ọlọ́run ló fà mí lẹ́nu ya! Mo ní, "Kò lò ó, sà. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò nínú báàgì rẹ̀."

Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́." Ó kígbe pe àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibà ni, ó ti ń gun ọpọlọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó yẹ lọ́gán. Mo dojú bolẹ̀ nínú kíṣìnì, pẹ̀lú ṣíbí ẹ̀wà lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì, dókítà pè mí. Ó ní, "Ó ti bèèrè oúnjẹ. Ká ní wọ́n fi ọjọ́ kan pẹ́ sí i ni, n ò lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀." Ẹ yin Olúwa! Ẹ ò yìn ín dáadáa!

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó bi Rósì nípa sùtánà. Ó ní oòrùn ló bó èjìká òun títí tó fi lé ròrò, òun ń sunkún lórí iyanrìn. Tèmi bọ́ aṣọ náà lára, ó fi wọ òun. Òun ní, "Ṣé màmá rẹ ò ní bínú?" Tèmi ní, "Màmá mi? Ká ní wọ́n wà níbí ni, àwọn gan-an ni wọn ì bá wọ̀ ọ́ fún ọ."

Ọmọ mi rò mí síre ju bí mo ṣe rí lọ.

Páálí oògùn ọ̀hún rèé, mo mú un wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọmọ lọ sílé lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, lóṣù tó ń bọ̀, mo mọ̀ yín o! Ẹ gbàdúrà, kí ẹ lo oògùn. Ẹni tó bá sì wà nínú ìṣòro, tó ń retí ìrànlọ́wọ́, má sọ fún Ọlọ́run irú ẹni tó máa rán. Ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Ó lè ní òrùka nímú.

Tèmi rèé níwájú, àbàwọ́n òróró ẹja ṣì wà lára sùtánà rẹ̀, mi ò sì ní fọ̀ ọ́ kúrò. Rósì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi tiwa, síbẹ̀ àwọn kan sún àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí yín. Ẹ dá àga padà.

Rósì, máa bọ̀ níwájú. Tèmi, sọ fún un kó máa bọ̀, kó má bẹ̀rù mi.

Mo ti kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run láàárọ̀ yìí, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọmọ yìí ló kù. Màmá Aríran, ẹ má fà mí dìde, mo mọ̀ pé mo jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀.